Ìdọ̀bálẹ̀ Tí A Kò Dá Lóhùn

Leeds,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí Màmá. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti gbọ́ oògùn? Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀wù mẹ́ta léra ni mo ń wọ lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ìléríolúwa ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Ìròyìn tí mo mú wá nìyí, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìléríolúwa fẹ́ kó ọmọ méjìlélógún lọ sí ilẹ̀ Mòrókò nígbà ìsinmi Àjíǹde. Olùkọ́ ìtàn wọn ló ṣètò rẹ̀. Wọn yóò rí àdúgbò tí àwọn Júù gbé láàrin àwọn Mùsùlùmí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọn yóò rí sínágọ́gù wọn àtijọ́ àti itẹ́ òkú wọn. Inú Ìléríolúwa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ka ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nídìí oúnjẹ àárọ̀, òun tí kì í ṣí Bíbélì àfi bí a bá rán an létí.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò lo ọjọ́ mẹ́ta nínú aṣálẹ̀. Inú àgọ́ ni wọn yóò sùn, lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin ràkúnmí, kí wọ́n lè mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n.

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nínú ilé wa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n kó fún wa. Títí ìparí oṣù Èrèlé ni wọ́n fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ súre fún un. Bí ẹ bá ní rárá, kò ní lọ.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Ojúlé kẹrìnlá, Okota,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025.

Kúnbi, ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, a sì dúpẹ́ pé ẹ wà ní àlàáfíà. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí; Salimat tí ń ṣe fótókọ́pì ní Bọ́ládé ni yóò fi ẹ̀rọ rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un kí ó má kà á. Fóònù wà fún ìkíni. Ọ̀rọ̀ tó bá tó ọ̀rọ̀, kíkọ ni a ń kọ ọ́, kí ẹni tó sọ ọ́ má bàa sẹ́ ẹ lọ́la.

Sọ fún ọkọ rẹ pé a kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ rán ènìyàn. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó kọ̀wé.

Mo ṣàkíyèsí pé ojú ìwé kìíní ni o to àwọn Júù sí, o wá fi aṣálẹ̀ pamọ́ sí ojú ìwé kejì bí ẹni tó fi egungun pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe kọ́ ọ láti máa tọrọ nǹkan. N kò ní ohunkóhun lòdì sí àwọn Júù. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìmọ̀ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó di igbákejì ọ̀gá-àgbà. Ọmọ tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ilé àdúrà àwọn ènìyàn tí a ń ka ìtàn wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ohun tó dára ni ó ń fẹ́. Kí ó lọ wò ó, kí ó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀, rárá. Èyí tí aṣálẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ ìdílé Adéyanjú ti tó. N kò sì fẹ́ kí a dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Yàtọ̀ sí èyí, ṣé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè di bírò mú ni? Bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ bá mi sọ, kí ó kọ̀wé fúnra rẹ̀, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìkíni tó yẹ. Bí ìkíni náà kò bá gún, n kò ní dáhùn. O mọ̀ mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
S. A. Adéyanjú.


Leeds.
Ọjọ́ kejì, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Bàbá Àgbà,

Mo kúnlẹ̀, sà. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń ro mí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n jókòó. Mo ti jókòó. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, torí pé n ò mọ ìgbà tí ẹ máa kà á. Mọ́mì kò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, tèmi ni.

Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ ni pé ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì tó ń jẹ́ Ethan. Júù ni. Màrákẹ́ṣì ni wọ́n bí ìyá àgbà rẹ̀ sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá náà nígbà tí ìdílé wọn kó kúrò níbẹ̀. Ó ti dàgbà jù báyìí, kò lè rìnrìn àjò mọ́. Ó fẹ́ kí Ethan bá òun wá sàréè bàbá àgbà òun rí. Ethan ní ẹ̀rù ń ba òun láti máa dá wá sàréè kiri. Mo ní màá bá a wá a. Mo ti ṣèlérí, sà, ẹ̀yin lẹ sì sọ fún mi pé ẹni tó bá ń jẹ́ Ìléríolúwa kò gbọdọ̀ yẹ àdéhùn.

Nípa aṣálẹ̀, olùkọ́ wa ní bí àlejò bá dé àgọ́ wọn, wọn kì í bi í pé kí ló wá ṣe títí yóò fi mu tíì ife mẹ́ta. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ràn wọn.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Mo rí fọ́tò kan nínú àpótí aṣọ Mọ́mì. Ọkùnrin kan gbé mi sí èjìká, mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo rántí èjìká yẹn. Mo rántí gúgúrú. Mo bi Mọ́mì pé ta ni, ó ní Bọ̀ọ̀dá Babáwálé ni, àbúrò òun, ó wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ṣé òun ló fà á tí ẹ fi ní rárá? Kí ló ṣe fún yín?

Ẹ bá mi kí Màmá Àgbà.

Ọmọ ọmọ yín,
Ìléríolúwa.


Leeds.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín, sà. Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí Ìléríolúwa ti kọ̀wé sí yín. Bí ó bá ti ń ti ilé-ìwé dé, ìdí kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́kọ́ lọ, kò tíì ní bọ́ bàtà. Lánàá ó bi mí pé, "Mọ́mì, àbí n ò kúnlẹ̀ pẹ́ tó ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ lè fi bírò pupa yín sí i.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ní Babáwálé kò gbọdọ̀ lọ, mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ó wọlé láti dágbére pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ọwọ́ kan ló fi kan ilẹ̀, torí pé ó ń fi ọwọ́ kejì di báàgì mú. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Ṣé ilẹ̀ gbóná ni?" Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó na gbogbo ara sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Nígbà yẹn ẹ ti ṣí ìwé ìròyìn padà. Ẹ kò ní kí ó dìde. Ó wà níbẹ̀ títí omi tí mo gbé kaná fi hó. Lẹ́yìn náà ó dá ara rẹ̀ dìde, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde.

N kò dá yín lẹ́bi ikú, Bàbá. Aṣálẹ̀ ló pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn tún wà nílẹ̀ báyìí tí ó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó gbà pé rárá ni, n ó sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún un pé kò kúnlẹ̀ pẹ́ tó.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Okota, Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Ìléríolúwa, ọmọ ọmọ mi,

Dìde. Bí o bá sì ti jókòó, máa jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí n kọ sí ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì tọrọ àforíjì pé n kò kọ ọ́.

Orí tábìlì mi ni ìwé rẹ wà láti ọjọ́ tó ti dé. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìkíni rẹ, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Ọmọ kì í jókòó kí àgbà tó ní kí ó jókòó." Mo ti fẹ́ dá a padà fún ọ kí o tún un kọ. Ìyá àgbà rẹ rí i. Ó ní, "Bàbá Kúnbi, èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ kò tíì ní kí ó dìde títí dòní. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n di méjì ni?" Ó wọlé lọ. Fún ọjọ́ mẹ́rin kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò dáwọ́ oúnjẹ dúró o. Abọ́ kàn ń dé orí tábìlì bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹrin yẹn ni ìwé ìyá rẹ wọlé.

O bi mí ohun tí Babáwálé ṣe fún mi. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó fẹ́ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù nítorí pé iṣẹ́ kò sí. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Nínú ìyẹn, mo jàre. Ó wá dọ̀bálẹ̀ láti dágbére fún mi, n kò sì dá a lóhùn. Nínú ìyẹn, mo jẹ̀bi. Láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, ibi tí mo ti jàre ni mo fi ń bo ibi tí mo ti jẹ̀bi mọ́lẹ̀.

Lánàá mo wọ bàtà, mo lọ sí Ailegun. Alameen, ọmọ Àlájì Ìdrís, ń ta táìlì níbẹ̀. Òun àti Babáwálé ni wọ́n jọ lọ. Òun nìkan ni ó padà ní ọdún 2017, tí ó wá sí ilé wa láti ròyìn ikú fún wa. Ó dé fìlà wọlé bá wa níbi àdúrà ìdílé, mo sì lé e jáde kí ó tó sọ ju gbólóhùn kan lọ. Nígbà tí ó rí mi lánàá, ó dìde lórí àpótí.

"Bàbá Adéyanjú. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà ibí?"

Mo ní ìyókù ọ̀rọ̀ tí n kò jẹ́ kí ó sọ tán ni mo wá gbọ́.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀ dè yín, sà." Ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Fìlà ọjọ́ yẹn kọ́ nìyí o. Ẹ má bínú sí èyí." Ó fa àga fún mi.

Ó ní ọkọ̀ ló bàjẹ́, omi sì tán. Ọjọ́ kẹrin ni Babáwálé kú. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn, wọ́n sì to òkúta lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa tú u. "Mo ṣe àdúrà tiwa fún un, sà, torí pé n ò mọ tiyín. Ẹ forí jì mí." Èmi ni ó ń sọ fún pé kí n forí ji òun.

Mo bi í bóyá Babáwálé sọ ohunkóhun. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwàdà ló ń ṣe títí dópin. Nígbà tí kò lè nàró mọ́, a ní kó gbìyànjú. Ó ní ká fi òun sílẹ̀, pé bàbá òun ò tíì ní kí òun dìde. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, sà. Kò bínú."

Wọ́n máa ń sọ pé ó kú sàn ju ó nù lọ. Èmi ni mo sọ èyí tó kú di èyí tó nù, nítorí pé n kò jẹ́ kí a máa dárúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, lọ, Ìléríolúwa. Mú ìlérí rẹ ṣẹ fún ìyá àgbà yẹn. Lọ sí aṣálẹ̀ pẹ̀lú, n ó sì máa gbàdúrà fún ọ títí wàá fi dé. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Kí àgbà kí o tó béèrè nǹkan. Má fi ọwọ́ òsì gba tíì. Má fi ilé onílé sílẹ̀ ní ìdọ̀tí. Nípa irú ọmọkùnrin tí Ethan yìí jẹ́, ìyá rẹ yóò dá mi lóhùn nínú ìwé tirẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe apá ibi tí Babáwálé wà ni ẹ ń lọ. Mo ti wo máàpù. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ kan náà ni. Bí o bá dé ibẹ̀, bá mi sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kí ó dìde. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ pé a kì í fi ìdọ̀bálẹ̀ rán ènìyàn. N kò mọ̀ bóyá a lè fi èsì rẹ̀ rán ènìyàn. Mo ń fi í rán ọ.

Èmi ni bàbá àgbà rẹ,
S. A. Adéyanjú.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Igbe, ọdún 2025.

Bàbá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ní kí n dìde, torí pé ìwé yìí gùn.

A ti dé láyọ̀, sà. Ògiri Màrákẹ́ṣì pupa bí erùpẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yín tó wà nílùú, ní Àgọ́-Ìwòyè. A lọ sí sínágọ́gù. Àgbàlá kan wà láàrin rẹ̀, igi ọsàn sì wà níbẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin tó wọlé, wọ́n ní kí gbogbo wọn dé fìlà. Mo sọ fún olùkọ́ wa pé ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ṣíṣí ni wọ́n ń ní kí wọ́n ṣí i. Ó ní ọ̀wọ̀ kan náà ni. Mo rántí Bọ̀ọ̀dá Alameen.

Lẹ́yìn náà a lọ sí itẹ́ òkú. Ó tóbi, sà. Sàréè funfun ni lọ títí, òmíràn kò ní orúkọ lára mọ́. Mo rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ wà káàkiri lórí wọn. Mo rò pé àwọn ọmọdé kan ló jù ú síbẹ̀, inú sì bí mi. Ẹ ti ní kí n má fi ilé onílé sílẹ̀ ní ìdọ̀tí. Bí Ethan ṣe ń ka orúkọ kiri, èmi ń ṣa òkúta kó sínú síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo ti nu sàréè mẹ́rin mọ́ tónítóní kí ìyá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ tó rí mi. Mùsùlùmí ni ìyá náà. Ó sáré wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ nǹkan kan, ẹni tó ń mú wa kiri sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí, o ti lé gbogbo àlejò lọ."

Ó ní òkúta kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan ló wá kí òkú, tó fi sílẹ̀ kí òkú lè mọ̀ pé a kò gbàgbé òun. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, ó tì mí lójú gan-an. Ó wá béèrè pé ta ló kọ́ mi ní ìmọ́tótó báyìí. Mo ní ẹ̀yin ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun kí yín. A jọ to òkúta náà padà, ṣùgbọ́n n ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Ó ní kí n má dààmú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò parí rẹ̀ láàrin ara wọn. Ethan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ó dìde, iwájú sàréè bàbá àgbà ìyá àgbà rẹ̀ gan-an ló wà. Òkúta kan ló mú wá láti inú ọgbà ìyá àgbà rẹ̀ ní Leeds níbí. Ó gbé e lé e. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nínú aṣálẹ̀, a mu tíì ife mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Ibi tí a sùn sí, iyanrìn nìkan ló wà, kò sí òkúta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ fún olùkọ́ wa, òun náà sọ fún bàbá tó ni àgọ́, bàbá náà sì mú wa rìn lọ sí ibi tí òkúta dúdú wà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo to mẹ́rin: tiyín, ti Màmá Àgbà, ti Mọ́mì, tèmi. Bọ̀ọ̀dá Alameen ti to tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Babáwálé, bàbá yín ní kí ẹ dìde." Mo wá rántí pé ẹ̀yin kì í sọ "ẹ" fún ọmọ yín. Mo tún un sọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. Mo ní, "Babáwálé, dìde."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, sà. Ràkúnmí kan ń jẹun lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé àgọ́, bàbá náà bu tíì sí ife kan tí kò sí ẹni tó ni ín, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí ẹni tó mu ún.

Ọmọ ọmọ yín,
Ìléríolúwa.


Okota, Ìsọlọ̀.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èbìbí, ọdún 2025.

Ìléríolúwa, ọmọ mi,

Dìde. Dìde, wàá dàgbà, wàá gbó, wàá tọ́.

Mo rí ìwé rẹ gbà. Salimat, tí mo kìlọ̀ fún kí ó má ka ìwé ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí ó kó o lé mi lọ́wọ́. N kò bá a wí. Ìyá àgbà rẹ ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Inú báàgì tí ó ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà, mo sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kí n tó lè tún un kà. Àṣìṣe mẹ́tàdínlógún ni ó wà nínú rẹ̀. N kò fi bírò pupa kan ọ̀kan nínú wọn. Bá mi sọ fún ìyá àgbà Ethan pé a bá a yọ̀, kí o sì sọ fún Ethan fúnra rẹ̀ pé ọmọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ àgbà báyìí, ó lè máa kí wa.

Àwòrán Babáwálé ti padà sí ara ògiri pálọ̀. Láàárọ̀ àná, ìyá àgbà rẹ dárúkọ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà níbi àdúrà. Mo kà á.

Sọ fún bàbá rẹ pé ìdọ̀bálẹ̀ tí ó rán ìyá rẹ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Kí ó dìde.

Alameen wá kí wa lánàá. Mo ti ní kí ó má wulẹ̀ ṣí fìlà. Bí ó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó tẹ orúnkún rárá, mo ti ní, "Dìde, ọmọ mi."

Ó dúró, ó ń wò mí. "Bàbá, n ò mà tíì bẹ̀rẹ̀."

Mo ní mo mọ̀.

Èmi ni bàbá àgbà rẹ,
S. A. Adéyanjú.